Ìtẹ̀bọmi Máàtà ní Ilẹ̀ Júlà

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́, kò sí ìpàdé ọ̀dọ́ tí wọ́n pè mí sí, ní Fìdítì tàbí ní Ìlọrà, tí ẹnì kan kò ní bi mí pé, "Tíṣà, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ lọ wàásù ní Kódífúà?" Èsì mi kì í yí padà. Mo lọ, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo wàásù. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà kiri ti fi iyọ̀ tiwọn sí i, àwọn mìíràn tilẹ̀ ti fi ata sí i. Ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ṣe rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Mo ń kọ́ni ní Fìdítì nígbà náà, èmi ni mo sì ń darí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi ní àdúgbò wa. Àwọn èèyàn wa kan tí wọ́n ń ṣòwò lápá àríwá ilẹ̀ Kódífúà, tí àwọn àgbà ń pè ní Aifíríkóòsì, ní ìjọ kékeré kan níbẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sílé pé àwọn ọmọ àwọn ń fi ilé Ọlọ́run sílẹ̀, kí a jọ̀wọ́ rán ẹni tó mọ bí a ṣe ń bá ọ̀dọ́ lò sí àwọn nígbà ọlidé gígùn. Wọ́n yan èmi àti Gbóyèga, ọ̀dọ́kùnrin Ìlọrà tó ń darí orin wa. Ohùn rẹ̀ la torí rẹ̀ yàn án. Ẹnu rẹ̀ kàn bá a wá ni.

Mi ò ní dárúkọ ìlú tí a lọ, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn ṣì ń jí lọ sọ́jà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti tán lẹ́nu Tíṣà

Mi ò ní fi mọ́tò tí a wọ̀ àti èyí tó bàjẹ́ lọ́nà dá yín dúró. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé bí a ti kúrò ní ilẹ̀ wa báyìí, ẹnu wa di ẹnu ọmọdé. Èmi tí mo ti ń kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì láti ọdún yìí wá, mo dúró níwájú obìnrin olóúnjẹ kan ní Lòmé, mo béèrè omi ní Gẹ̀ẹ́sì, mo béèrè rẹ̀ ní Yorùbá, mo wá fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tó ń mu. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ sì bá mi wá omi náà. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn. Ẹni tí ọmọ tuntun bá na ọwọ́ sí máa ń rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ní Gánà, Gẹ̀ẹ́sì tún padà dé, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí ará ilé. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gbé kẹ́ńkè fún wa. Ó jọ ẹ̀kọ, ṣùgbọ́n ó kan ju ẹ̀kọ lọ. Gbóyèga bù ú, ó fún ojú pọ̀, ó tún bù ú.

"Tíṣà," ló wí, "inú ń bí ẹ̀kọ yìí o."

Nínú ọkọ̀ tó gbé wa wọ àríwá Kódífúà, bàbá arúgbó kan jókòó tì wá láti àárọ̀. A kò gbọ́ èdè ara wa, síbẹ̀ gbogbo ẹ̀pà tó wà nínú àpò rẹ̀ ni a jọ jẹ. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ òsì sí Gbóyèga.

"Ọwọ́ òsì kẹ̀?" Gbóyèga fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. "Kí la ṣe fún un?"

Ọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ló là wá lóye. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń nà sí ẹni tí wọn yóò rí lọ́la. Ẹni tó bá ń lọ sọ́nà jíjìn, ọwọ́ òsì ni wọ́n ń fún un, kí ọ̀rọ̀ náà wà bí ohun tí a ò tíì ṣe tán, kí Ọlọ́run lè mú wọn pàdé láti tún un ṣe. Gbóyèga sáré na ọwọ́ òsì tirẹ̀ lójú fèrèsé. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kọ́ ọmọ yín pé ẹni tó bá na ọwọ́ òsì kò lẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣeun, ẹ máa kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi kún un pé nílé wa ni.

Ilé Bàbá Jékọ́ọ̀bù

Ilé alága àwọn díákónì ni wọ́n fi wá wọ̀ sí, Bàbá Jékọ́ọ̀bù, ọmọ bíbí Fìdítì, tí wọ́n ń ta aṣọ lọ́jà ìlú náà. A dọ̀bálẹ̀. Wọ́n gbé wa dìde, wọ́n fún wa lómi, wọn ò sì bi wá ní nǹkan kan títí a fi mu ún tán, tí a sinmi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè Fìdítì lọ́wọ́ mi nílé-nílé. Ta ló ń gbé ilé tó kọjú sí ọ̀nà Ìlọrà? Ṣé ọsàn ṣì ń so lẹ́yìn ilé ìjọsìn? Nígbà tí mo sọ pé wọ́n ti gé díẹ̀ nínú àwọn igi ọsàn náà, wọ́n ní "Há!" bí ẹni pé mo túfọ̀.

Wọ́n gbé oúnjẹ wá. Àwọn kan nílé ti sọ fún wa pé ejò àti àkèré ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Àtíẹ́kẹ́ ni: gbágùúdá tí wọ́n rin bíi gààrí, ṣùgbọ́n tí wọn kò yan, ooru omi ni wọ́n fi sè é, ó funfun, ó sì rọ̀. Ẹja díńdín àti àlùbọ́sà ló wà lórí rẹ̀. Gbóyèga wo abọ́ tirẹ̀, ó kó ẹja sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé omi, ó dà á sí i, ó wá wojú ilé pé, "Ṣé ṣúgà wà?"

Igbe ẹ̀rín kan ta lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Bí a ṣe mọ Máàtà nìyẹn. Ọmọ ọmọ Bàbá ni, ọ̀dọ́bìnrin tó ti tó ilé ọkọ lọ, tó ń bá wọn tajà. Ìyàwó Bàbá ti ṣaláìsí, òun ló sì ń tọ́jú wọn. Ó gba abọ́ lọ́wọ́ Gbóyèga, ó bu òmíràn fún un, ó sì dúró tì í bí ọlọ́pàá kó má bàa tún fọwọ́ kan omi.

Mo wá ṣàkíyèsí ohun kan. Bàbá wí pé, "Máàtà, bu omi wá." Máàtà fèsì ní Júlà, èdè ọjà ilẹ̀ náà. Bàbá ní, "Rárá, ti inú àmù ni." Ó tún sọ gbólóhùn gígùn kan ní Júlà. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ìwọ lo mọ̀." Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́, Yorùbá níhìn-ín, Júlà lọ́hùn-ún, kò sì sí ẹni tó kọsẹ̀ nínú wọn.

Ohun tó ń lé àwọn ọ̀dọ́ lọ

Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdí tí àwọn ọmọ náà fi ń lọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé kí ìjọ tiwa tó tẹ ènìyàn bọmi, ó gbọ́dọ̀ dúró níwájú ìjọ, kí wọ́n bi í ní ìbéèrè nípa ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ní ìjọ ibẹ̀, wọ́n ní Yorùbá ni ó gbọ́dọ̀ fi dáhùn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ilẹ̀ Júlà ń gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í wá sẹ́nu wọn. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, wọ́n á ní kó padà sí kíláàsì. Ó ti pẹ́ tí ọ̀dọ́ kankan kò ti wọ odò. Máàtà ti dúró níwájú ìjọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dá a padà. Bàbá rẹ̀ àgbà fúnra wọn ni wọ́n ń dá a padà.

Mo bi wọ́n léèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pé ṣé òfin náà kò le jù.

"Tíṣà," ni wọ́n wí, "Gánà ni mo kọ́kọ́ dé. A ní ilé níbẹ̀, a ní ìsọ̀, a fi ọwọ́ ara wa kọ́ ilé ìjọsìn. Lọ́jọ́ kan ìjọba ní ká máa lọ. Ohun tí mo rí kó jáde ni ìyàwó mi, ọmọ mi, àti Bíbélì Yorùbá. Ìyàwó ti lọ. Ọmọ ti lọ sí Àbíjàn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n ju ẹ̀kẹta nù ni?"



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Máàtà wá bá èmi àti Gbóyèga lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ilé. Ó ń ṣa Yorùbá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. "Tíṣà, ìdánwò ń bọ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Bí wọ́n bá ní rárá, ó tán. Mi ò ní béèrè mọ́." Àwọn ọ̀dọ́ yòókù dúró lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mi orí. Mo mọ̀ pé ibi tó bá lọ ni gbogbo wọn yóò bá a lọ.

Mo ṣe ohun tí olùkọ́ ń ṣe. Ojoojúmọ́ lẹ́yìn ọjà ni mo ń kọ́ wọn ní ìdáhùn, Gbóyèga ń fi orin tì í lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń kà á bíi rédíò. Inú mi dùn títí di ìrọ̀lẹ́ kan tí mo ní, "Máàtà, ó dára gan-an. Kí ni ìtumọ̀ ohun tí o sọ yẹn?"

Ó wò mí. "Mi ò mọ̀, sà. Ó dùn létí."

Gbóyèga tẹnu bọ etí mi. "Tíṣà, ayékòótọ́ lẹ ń múra àtitẹ̀ bọmi yìí o."

Ní Sátidé, níwájú ìjọ

Ilé ìjọsìn náà kún. Bàbá Jékọ́ọ̀bù jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú àwọn díákónì méjì. Máàtà ni wọ́n kọ́kọ́ pè, òun ló dàgbà jù nínú wọn. Ó kúnlẹ̀ kí ìjọ, ó dìde.

"Kí ni ìtẹ̀bọmi?"

Ó dáhùn, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀. Ìjọ ní, "Ẹ ṣeun o!" Wọ́n bi í ní òmíràn, ó tún dáhùn. Gbóyèga ti ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá orin. Ni Bàbá bá fi ìgbọ̀nwọ́ lé tábìlì.

"Ó dára. Ìyẹn ti ìwé. Wàyí o, ìwọ Máàtà, ìgbà wo ni o gba Jésù gbọ́? Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀."

Mi ò kọ́ ọ ní ìyẹn. Kò sí bí olùkọ́ ṣe lè kọ́ ènìyàn ní ìyẹn.

"Mo..." Máàtà wí. "Mo gba... nígbà tí mo..." Ó wo ilẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n ó pa ojú rẹ̀ dé, ó la ẹnu, Júlà sì tú jáde bí omi.

Bàbá fi ọwọ́ lu tábìlì. "Yorùbá, Máàtà."

Kò dúró. Mo rí i tí àwọn obìnrin ń na ọrùn síwájú. Ẹnì kan ní "hẹ́ẹ̀n." Àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tó sọ. Èmi àti Gbóyèga wo ara wa.

"Ìjọ ò gbọ́ ohun tó ń sọ!" ni Bàbá wí. Máàtà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, ó ń fi ọwọ́ júwe bí ẹni tó gbé abọ́. Lójijì, Bàbá Jékọ́ọ̀bù na ìka sí i, wọ́n sì já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Júlà, wàràwàrà, bí ẹni tó ń tún ìṣirò ọmọ ilé ìwé ṣe.

Ilé ìjọsìn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rúùtù, olórí àwọn obìnrin ìjọ, dìde dúró, ó fi gèlè rẹ̀ nu omijé ẹ̀rín.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní kì í ṣe ìrẹsì. Àtíẹ́kẹ́ la gbé lọ."

"Ẹ̀yin tí ẹ ò gbọ́?"

"Ìjọ ni mo ní kò gbọ́."

"Ìjọ wo? Èmi gbọ́. Àwọn tó jókòó tì mí gbọ́. Ṣebí èdè yìí la fi ń nájà láti àárọ̀! Bàbá, àwọn méjì péré ni ò gbọ́ nínú ilé yìí, àwọn náà ló sì ti Fìdítì wá!"

Gbogbo ìjọ yíjú wò wá.

"Ìlọrà ni tèmi o," ni Gbóyèga wí.

Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, Ìyá Rúùtù kò tíì jókòó. "Àlejò ni wọ́n, Bàbá. Kò dáa ká máa sọ̀rọ̀ tí àlejò ò gbọ́. Ẹ bá wọn túmọ̀ rẹ̀."

Bàbá Jékọ́ọ̀bù wo yíká. Wọ́n dìde nídìí tábìlì, wọ́n lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ọmọ wọn, wọ́n kọjú sí wa. Máàtà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, Bàbá sì ń tú u.

"Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, ọkùnrin kan wà lọ́jà tó ba Bàbá òun lórúkọ jẹ́, tí wọ́n fi gba ibi tí Bàbá ń pàtẹ sí. Ó ní ọkùnrin náà wá dùbúlẹ̀ àìsàn, àwọn ènìyàn rẹ̀ ò yọjú mọ́. Bàbá òun ní kí òun gbé oúnjẹ, kí àwọn lọ kí i. Ó ní inú bí òun. Ó ní òun fẹ́ mọ̀ọ́mọ̀ kọsẹ̀, kí oúnjẹ náà dànù sójú ọ̀nà." Bàbá yíjú sí i. "Ìyẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Ìjọ tún rẹ́rìn-ín. Máàtà náà rẹ́rìn-ín, ó ń bá a lọ.

"Ó ní ọkùnrin náà béèrè pé, 'Èé ṣe tí o fi ń ṣe èyí fún mi?' Ó ní Bàbá òun jókòó sórí ẹní, wọ́n sì sọ ti Jésù fún un, bí wọ́n ṣe kàn án mọ́gi, tó sì tọrọ ìdáríjì fún àwọn tó kàn án. Ó ní Bàbá wí pé, 'Bó bá lè dárí ji èmi, ta ni èmi tí mi ò ní dárí ji ìwọ?' Ó ní ọkùnrin náà kọ ojú sí ògiri."

Máàtà sọ gbólóhùn kan sí i. Bàbá kò túmọ̀ rẹ̀. Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́. Wọ́n ṣí fìlà wọn.

"Ẹ túmọ̀ rẹ̀, Bàbá," ni Ìyá Rúùtù wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Ó ní ọkùnrin náà ò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n òun tí òun gbé abọ́ dúró, òun gbà á gbọ́ lọ́jọ́ náà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó ní... ó ní Júlà ni mo fi sọ ọ́."

Bàbá padà sídìí tábìlì, wọ́n jókòó, wọ́n dé fìlà wọn bí alága.

"Ẹ̀yin ìjọ, ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o!"

"Tíṣà ńkọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Gbóyèga ọmọ Ìlọrà?"

"Mo gbọ́ yékéyéké, sà."

"Ó yege," ni Bàbá wí.

Ẹ̀yin ará mi, mo ti wà nínú ìsọjí ńlá ní Ọ̀yọ́ àti ní Ìbàdàn, mi ò tíì gbọ́ irú ariwo ayọ̀ bẹ́ẹ̀ lábẹ́ páànù kékeré bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ gbé Máàtà sókè. Àwọn tó kù wá dáhùn ní tiwọn, òmíràn ní Yorùbá, òmíràn ní Júlà, òmíràn pò ó bí ó ṣe wá sẹ́nu, kò sì sí ẹni tí wọ́n dá padà.

Létí odò

Lọ́jọ́ Ìsinmi, a wọ́ lọ sódò pẹ̀lú àlùfáà tó ń bójú tó àwọn ìjọ apá ibẹ̀. Àwọn obìnrin ìlú ń fọṣọ lórí àpáta lápá ìsàlẹ̀, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyá Rúùtù sọ fún mi pé láti ìgbà tí àwọn ti ń wá síbẹ̀, àwọn obìnrin náà kì í gbójú sókè. Wọ́n rò pé nǹkan ilé baba àwọn Yorùbá ni.

Kí àlùfáà tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá Jékọ́ọ̀bù bẹ̀ ẹ́ kí àwọn wọ omi pẹ̀lú rẹ̀. Bí àlùfáà ti ń béèrè ìbéèrè ní Yorùbá, Bàbá ń sọ ọ́ ní Júlà, sókè, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń polówó aṣọ. Máàtà dáhùn ní Júlà. Ìdáhùn náà gba orí omi lọ. Àwọn obìnrin náà dá aṣọ lílù dúró.

Ó wọ inú omi, ó jáde, a hó yèè. Kí orin tó tán, obìnrin kan láàárín àwọn tó ń fọṣọ nà dúró, pẹ̀lú aṣọ tútù léjìká, ó ké ìbéèrè kan sí wa. Àwa àlejò wo Bàbá, wọn ò dúró kí a bi wọ́n.

"Ó ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, òun rò pé omi Yorùbá là ń wọ̀. Ó ní ṣé àwọn náà lè wọ̀ ọ́?"

Omi ṣì ń kán lára Máàtà nígbà tó fún un lésì. Mo rí i tí ojú Bàbá tàn, bí ojú ẹni tó dé ilé.

"Kí ló sọ, Bàbá?"

"Ó ní odò tiwọn ni. Àwa la wá bá wọn níbẹ̀."

Obìnrin náà sọ aṣọ rẹ̀ sórí àpáta, ó sì ń fẹsẹ̀ la omi bọ̀ lọ́dọ̀ wa.